Bí a ṣe ń yan ohun èlò àti ọ̀dà fún módẹ́ẹ̀lì ìran kékeré

Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ tó dé ọjà. Èmi 1:50 ni mo máa ń lò fún ìran tó ní ènìyàn àti ilé nínú: sẹ̀ǹtímítà kan lórí pátákó dúró fún ìdajì mítà. Ènìyàn tó ga ní mítà 1.75 á di sẹ̀ǹtímítà 3.5, ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2.1 á di 4.2, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ga ní mítà 8 á di 16. Ìwọ̀n yìí gba àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba dáadáa, torí ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rí fìlà wọn àti ìjánu ẹṣin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Eredò Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, lẹ fẹ́ ṣe, tí àwọn ibì kan ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì, 1:50 á sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà 40, kò sì ní gba orí tábìlì. Ẹ lọ sí 1:200, kó di mẹ́wàá péré.

Ìdí pátákó àti ògiri ilé kò ní wàhálà. Pílíwúùdù ìdajì íǹṣì ni ìdí rẹ̀, kó má baà ká nígbà tí omi bá kàn án. Páálí líle ni ògiri. Fún ilẹ̀kùn, fèrèsé àti igi àjà, ẹ lọ sí ilé ìlagi, ẹ bèèrè àjẹkù arère. Ó fúyẹ́, ó funfun, bíléèdì lásán ń gé e, kò sì nídìí tí ẹ fi máa ra igi òkèèrè.

Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń ti tẹlifíṣọ̀n àti firíìjì nínú páálí ni mo fi ń gbé òkè, kòtò àti ojú ọ̀nà sókè. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń kó o dànù. Ẹ kí wọn dáadáa, wọn á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bíléèdì tuntun ni kí ẹ fi gé e, torí bíléèdì tó ti kú máa ń fà á ya ni. Ẹ má fi ọ̀bẹ gbígbóná gé e nínú yàrá, èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Fóòmù funfun àti tínà kì í gbé pọ̀. Ọ̀dà alágolo tí à ń fín, tínà àwọn tó ń kun mọ́tò, bẹntiróòlù, gọ́ọ̀mù tí àwọn aránbàtà ń lò, àti ọ̀pọ̀ súpà gúlù, gbogbo wọn ló ń yọ́ fóòmù bí iná ṣe ń yọ́ òrí. Kì í hó, kì í dún. Ó kàn máa ń rì wọlé ni.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ iléèwé girama kan ní Ṣàgámù fín ọ̀dà aláwọ̀ ewé sórí òkè tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gé. Àfihàn wọn ku ọ̀la. Kó tó fín ẹ̀gbẹ́ kejì tán, ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ ti dà bí afárá oyin. Ọmọ náà ò sunkún, ó kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agolo lọ́wọ́. Láti ìgbà náà mo ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ àwọn àgbà tó yẹ kí wọ́n mọ̀.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn ti kun ẹ̀mọ́ṣọ̀n sí i ṣáájú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n kùn ún tán, wọ́n wá gbẹ́ gọ́tà sí i lẹ́yìn, ojú tí ọ̀bẹ gé yẹn sì wà ní ìhòòhò. Tàbí kí wọ́n kun òkè, kí wọ́n gbàgbé abẹ́. Ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ ti tó fún tínà. Á gbabẹ̀ wọlé, á jẹ inú rẹ̀ tán, òde á ṣì dúró bí èèpo ẹyin tí wọ́n ti fa inú rẹ̀ mu, títí ìka ẹnì kan á fi kàn án.

Nítorí náà, gbogbo gígé ni kí ẹ kọ́kọ́ parí, títí kan ihò tí òpó iná máa wọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ìwé ìròyìn sí wẹ́wẹ́, ẹ po gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, ife gọ́ọ̀mù méjì sí ife omi kan, ẹ rẹ ìwé náà sínú rẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ bo òkè, abẹ́ àti gbogbo igun. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, tí òjò kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ méjì ni mo ń fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín: bó bá tutù, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ìgbà tó bá gbẹ tán ni kí ẹ tó kun ẹ̀mọ́ṣọ̀n lé e.

Lẹ́yìn gbogbo èyí náà, èmi kì í fín ọ̀dà alágolo sórí ohunkóhun tí fóòmù wà nínú rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo ń lò. Ẹni tó bá ní dandan ni òun á fín in, kó bo àjẹkù fóòmù kan bákan náà, kó fín ọ̀dà sí i, kó sì fi í sílẹ̀ dọjọ́ kejì kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ gan-an.

Ní ti ọ̀dà, ẹ ra ẹ̀mọ́ṣọ̀n funfun kékeré kan àti àwọ̀ inú ike tí àwọn akunlé fi ń po ọ̀dà: dúdú, pupa, yẹ́lò, búlúù. Ìyẹn á ṣe ilé mẹ́wàá. Ọ̀dà olówó iyebíye inú ìgò kékeré, ojú ènìyàn àti ọwọ́ nìkan ni mo fi pamọ́ fún. Ẹ má lo ọ̀dà dídán tí wọ́n ń kun ilẹ̀kùn, torí ìdán yẹn ló ń tú àṣírí pé nǹkan ìṣeré ni. Bí ẹ̀mọ́ṣọ̀n yín bá ń dán díẹ̀, ẹ po paúdà ọmọdé mọ́ ọn. Á pa ìdán náà, á sì tún jẹ́ kí ògiri dà bí èyí tí wọ́n rẹ́.

Ẹ má sì po àwọ̀ náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára ilé gidi. Ohun tó bá jìnnà sí ojú máa ń ṣá, módẹ́ẹ̀lì sì dà bí ohun tí à ń wò láti òkèèrè. Ṣíbí funfun kan sí ṣíbí àwọ̀ mẹ́sàn-án ni tèmi. Abẹ́ iná tí iṣẹ́ náà máa wà ni kí ẹ ti wò ó, nítorí gílóòbù yẹ́lò àti iná funfun kì í fi àwọ̀ kan náà hàn.

Fún ilẹ̀, yẹ̀pẹ̀ pupa wa gan-an ló dára jù. Ẹ yan án nínú abọ́ àlòkù lórí iná kí ẹyin kòkòrò inú rẹ̀ kú, kí ẹ sì fi asẹ́ ògì kù ú. Asẹ́ garawa kò tó: yanrìn tó jẹ́ ìdajì mílímítà péré, òkúta sẹ̀ǹtímítà 2.5 ló máa dà ní 1:50. Mo ti rí ẹni tó fi gaàrí Ìjẹ̀bú ṣe yanrìn torí ó kúnná. Ó rẹwà fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà èèrà kó gbogbo ojú ọ̀nà lọ. Ìko ni ẹ fi ṣe imọ̀ ọ̀pẹ, kànìnkànìn ni koríko.

Agbádá àwọn ẹlẹ́ṣin, ẹ má fi aṣọ gidi ṣe é, okùn rẹ̀ ti nípọn jù. Tíṣù tí wọ́n rẹ sínú gọ́ọ̀mù funfun máa ń ṣẹ́ bí agbádá gan-an, ẹ sì lè kun ọnà sí i bó bá gbẹ.

Òrùlé ló kù. Ìgbì páànù gidi máa ń jìn síra tó sẹ̀ǹtímítà 7.6, ìyẹn mílímítà 1.5 lórí pátákó, nítorí náà ìgbì inú páálí lásán ti tóbi jù. Ẹ gé abẹ́ abọ́ fóìlì tí wọ́n fi ń ta oúnjẹ, ẹ gbé e lé bóòtì tí sípánà 17 ń tú, kí ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wọ inú ìlà rẹ̀. Ìlà bóòtì náà sábà máa ń jìn síra tó mílímítà 1.5 tàbí 1.25. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi sáńpépà kíkúnná ha á, torí ẹ̀mọ́ṣọ̀n máa ń ṣí kúrò lára fóìlì. Ibí nìkan ni mo ti ń lo ọ̀dà alágolo: àwọ̀ búráùn, níta, lórí ìwé ìròyìn, kí fóòmù wà nínú ilé. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ fi kànìnkànìn tọ́ búráùn tó ṣókùnkùn àti àwọ̀ ọsàn sí i káàkiri, kí páànù kan tàbí méjì ṣì funfun bí ẹni pé onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ pàrọ̀ wọn. Ìgbà tí òórùn tínà bá ti kúrò lára rẹ̀ pátápátá ni kí ẹ tó gbé e lé orí ilé, gọ́ọ̀mù funfun náà sì ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe súpà gúlù.