Bí Nọ́ọ̀sì Ṣe Lè Fi Ìwádìí Ṣe Ìpinnu

Ìyá kan gbé ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru wá sílé ìwòsàn ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ṣé kí ẹ fún un ní zinc, èròjà tí wọ́n fi ń tọ́jú ìgbẹ́ gbuuru? Ẹ kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ ná: ọmọ oṣù mélòó, oògùn wo, kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀? Ọjọ́ orí ọmọ ló ṣe kókó jù.

Àkójọ ìwádìí, irú ti Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó àbájáde ìwádìí ìlera jọ, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Àkékúrú wọn ní èdè Faransé kì í gbowó. Ìwádìí ẹyọ kan lè ṣini lọ́nà, pàápàá tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò bá pọ̀.

Ẹ wo bí oògùn ṣe ṣiṣẹ́ tó. Fún ọmọ tó ju oṣù 6 lọ, zinc ń gé nǹkan bí ìdajì ọjọ́ kúrò lára àìsàn náà. Fún èyí tí kò tó oṣù 6, àǹfààní rẹ̀ kò hàn. Ó sì lè mú ọmọ bì. Ẹ sọ èyí fún ìyá kó tó lọ, torí tó bá rí èébì láìmọ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè da oògùn nù.

Ẹ wo ọdún tí ìlànà jáde pẹ̀lú. Ní 2004, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí a lò fún ọjọ́ 10 sí 14, àmọ́ 10 fún ọmọ tí kò tó oṣù 6. Ìwádìí ńlá kan ní Íńdíà àti Tànsáníà, tó jáde ní 2020, fi hàn pé 5 tàbí 10 ṣiṣẹ́ bákan náà, èébì sì dín kù. Kí ẹ tó yí ìwọ̀n padà, ẹ bi ọ̀gá yín. ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí ọmọ ń mu, kò ṣeé fi sílẹ̀ rárá: zinc kì í rọ́pò omi tó ti jáde lára ọmọ.