Bí ẹ ṣe lè fi wide receiver tíìmù yín wé ti àwọn tí ẹ jọ wà ní division

Tí ẹ bá ń wo NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ jù, dáadáa, ẹ ti mọ̀ pé kò sí àríyànjiyàn tó ń fa ariwo bíi ti ta ló ní wide receiver (ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù síwájú) tó dáa jù, pàápàá láàárín tíìmù mẹ́rin tó jọ wà ní division (ìsọ̀rí kékeré nínú líìgì) kan náà, tí wọ́n ń pàdé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọọdún. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé yáàdì àpapọ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù síwájú dé, nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé jáde, wọ́n á ní lágbájá ní 1,500, tàmẹ̀dò ní 900, ó parí. Kò tíì parí o. NFC North, ìyẹn division Vikings ti Minnesota, Lions ti Detroit, Bears ti Chicago àti Packers ti Green Bay, ni màá fi ṣàlàyé torí Vikings ni tèmi, Justin Jefferson sì lẹni tí mo máa ń gbèjà rẹ̀, àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà lẹ lè ṣe é fún division yòówù.

Ẹ kọ́kọ́ wo iye géèmù tí kálukú wọn ṣe. Ní 2023, Amon-Ra St. Brown ti Lions ní yáàdì 1,515, DJ Moore ti Bears ní 1,364, Jefferson wá ní 1,074. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní Jefferson ti ń rẹ̀yìn. Àmọ́ iṣan ẹ̀yìn itan ló dá a dúró nígbà tí wọ́n ń bá Chiefs ṣeré, géèmù méje ló fò ó, mẹ́wàá péré ló ṣe. Ẹ wá pín in o: Jefferson ní yáàdì 107 ní géèmù kan, St. Brown tó ṣe géèmù 16 ní 95, Moore tó ṣe gbogbo 17 ní 80. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí padà? Kirk Cousins tó ń ju bọ́ọ̀lù fún un náà tún já iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ní Green Bay kí Jefferson tó padà dé, Josh Dobbs àti Nick Mullens ló bá lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá target, ìyẹn iye ìgbà tí quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún tíìmù) ju bọ́ọ̀lù sí i, ì báà mú un, ì báà má mú un. Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ lo 2024 torí pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe géèmù 17 pé. Jefferson ní target 154, ó mú 103, yáàdì 1,533. St. Brown ní 141, ó mú 115, yáàdì 1,263. Moore ní 140, ó mú 98, yáàdì 966. Ẹ wo St. Brown àti Moore, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà láàárín target wọn, síbẹ̀ yáàdì wọn fi nǹkan bí 300 jura lọ. Tẹ́ ẹ bá pín yáàdì sórí target, Jefferson fẹ́rẹ̀ẹ́ ní 10, St. Brown fẹ́rẹ̀ẹ́ ní 9, ti Moore ò tó 7.

Fáànù Lions á wá sọ fún yín pé nínú bọ́ọ̀lù 100 tí wọ́n bá jù sí St. Brown, ó ń mú nǹkan bí 82, tí Jefferson ò sì kọjá 67, nítorí náà ọwọ́ St. Brown ló dáa jù. Ẹ má tètè gbà. Ẹ béèrè ibi tí bọ́ọ̀lù yẹn ń lọ. St. Brown sábà máa ń dúró sí inú, nítòsí àárín pápá, bọ́ọ̀lù kúkúrú tó yá ni Jared Goff máa ń jù sí i, yáàdì 11 ló ń rí lórí èyí tó bá mú. Ti Jefferson jẹ́ 15, torí ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń jù ú sí, èèyàn méjì sì lè wà lọ́rùn rẹ̀, bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ò lè wọlé lọ́pọ̀ ìgbà bíi ti kúkúrú. Iṣẹ́ wọn ò dọ́gba, ẹ má fi òǹkà kan ṣoṣo wọ̀n wọ́n.

Ẹ tún ṣọ́ra fún òǹkà tó bá dáa jù. Jayden Reed ti Packers ní yáàdì 857 lórí target 75 lọ́dún yẹn kan náà, ìyẹn ju 11 lọ lórí target kan, ó ju ti Jefferson lọ! Àmọ́ Packers máa ń pín bọ́ọ̀lù káàkiri ni, kò sí ẹni tí dífẹ́ńsì jókòó tì látòwúrọ̀ ọjọ́ géèmù. Èmi kì í ka ẹni tí target rẹ̀ ò bá tó 100 mọ́ àwọn tó ń gbé ẹrù tíìmù.

Quarterback wá ńkọ́? Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Goff mú kí bọ́ọ̀lù 72 nínú 100 wọlé ní 2024, Sam Darnold ju yáàdì 4,319 fún Vikings, àmọ́ Caleb Williams tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Moore, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìdínláàádọ́rin kó tó ju bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, wọ́n tún lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn láàárín sáà. Keenan Allen àti Rome Odunze náà tún ń bá Moore pín target. Ẹ rántí pé ó ní 1,364 lọ́dún tó ṣáájú, ẹni yẹn ò sọ ẹ̀bùn nù láàárín oṣù mélòó kan. Ojú ọjọ́ náà wà níbẹ̀: pápá Detroit àti ti Minneapolis ní òrùlé, Chicago wà létí adágún Michigan níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé bọ́ọ̀lù, Green Bay ò sì ní òrùlé rárá.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ká fi ẹni wé ẹni nínú division ni pé ọ̀tá kan náà ni wọ́n ń bá jà. Nínú géèmù 17, mẹ́fà jẹ́ ti division, mẹ́jọ jẹ́ pẹ̀lú division méjì míì tí gbogbo wọn jọ ń pàdé, mẹ́ta péré ló yàtọ̀. Ní 2024, gbogbo NFC North ló bá NFC West àti AFC South ṣeré, Vikings wá ní Jets, Giants àti Falcons lọ́tọ̀, Lions ní Bills, Cowboys àti Buccaneers. Ohun kan ló wà níbẹ̀ tí wọn kì í rò: ẹ̀ẹ̀mejì ni Jefferson dojú kọ dífẹ́ńsì Lions, St. Brown ò sì lè dojú kọ ọ́ láé. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó bára mu pátápátá, ẹ ka mẹ́jọ yẹn, kẹ́ ẹ fi mẹ́rin tí àwọn méjèèjì ṣe pẹ̀lú Bears àti Packers kún un, géèmù 12 nìyẹn, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ó máa gba àkókò díẹ̀, àmọ́ òǹkà géèmù kọ̀ọ̀kan wà lórí ìkànnì Pro Football Reference lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi géèmù kan ṣoṣo dá yín lẹ́jọ́. Ní sáà 2022, ní géèmù àkọ́kọ́, Jefferson gba yáàdì 184 àti touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun pápá) méjì lára Packers. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Green Bay lọ́jọ́ ọdún tuntun, bọ́ọ̀lù kan péré ló mú, yáàdì 15, torí Jaire Alexander, olùgbèjà Packers, ń ṣọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹlòmíì sì ń ràn án lọ́wọ́. Èèyàn kan náà, tíìmù kan náà, sáà kan náà.

Ohun tó kẹ́yìn ni ojú yín. Ẹ wo bọ́ọ̀lù tí Jefferson mú ní Buffalo ní November 2022, fourth down (ìgbìyànjú kẹrin, tó kẹ́yìn), yáàdì 18 ló kù, tí kò bá wọlé géèmù ti lọ. Ó fò sókè sẹ́yìn, ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti wà lára bọ́ọ̀lù, ó wá fi ọwọ́ kan já a gbà bó ṣe ń ṣubú. Nínú ìwé òǹkà, bọ́ọ̀lù kan ni, yáàdì 32. Vikings borí 33 sí 30.

Touchdown ni mo máa ń kà gbẹ̀yìn, torí ibi tí tíìmù gbé bọ́ọ̀lù dé àti ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá pè ló sábà máa ń pinnu ìyẹn. St. Brown ní 12 ní 2024, Jefferson ní 10, mo gbà fún un. Síbẹ̀ Jefferson ni mo fi ṣíwájú, St. Brown tẹ̀ lé e tímọ́tímọ́, Moore ṣe ìkẹta pẹ̀lú gbogbo wàhálà tó bá a ní Chicago, Reed sì dúró de ìgbà tí wọ́n bá máa ju bọ́ọ̀lù sí i tó.