Òru Mẹ́rin tí Mo Fi Ṣọ́ Ìràwọ̀ Àfurasí Kan

Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni mo gbọ́ pé àwọn awò awọ̀nàjíjìn ASAS-SN, tí Yunifásítì Ohio State ní Amẹ́ríkà ń darí, ti rí ìmọ́lẹ̀ tuntun kan ní àgbègbè ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Lupus lánàá ọjọ́ náà. Ìwọ̀n ìtànṣán rẹ̀ jẹ́ 8.7. Nínú ìwọ̀n yìí, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni ìràwọ̀ ń tàn sí i, ojú lásán kì í sì í sábà rí ohun tí ó bá ju 6 lọ. Wọ́n fura pé nófà ni, ìyẹn ìràwọ̀ tí ìbúgbàmù kan mú kí ó ṣàdédé tàn gan-an, ṣùgbọ́n àfurasí ni yóò máa jẹ́ títí wọn yóò fi tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ wẹ́wẹ́. Èmi kò ní ẹ̀rọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Awò olójú méjì ni mo ní, pẹ̀lú òrùlé pẹrẹsẹ ilé tí a ń gbé ní Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta, àti àbúrò mi tí ń bá mi kọ nǹkan sílẹ̀.

Mo kọ́kọ́ gba àwòrán ojú ọ̀run ti AAVSO, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1911 fún ṣíṣọ́ àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà. Wọn kì í fi àmì ìdá sí nọ́ńbà orí àwòrán náà, 65 dúró fún 6.5, kí ẹnikẹ́ni má baà pe àmì náà ní ìràwọ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, mo kọjú sí gúúsù, mo wo òkè ìràwọ̀ Alpha Centauri títí mo fi kan ìràwọ̀ méjì, Beta Lupi àti Kappa Centauri, tí wọ́n sún mọ́ra bí ìbejì. Òkè wọn lápá òsì ni ó yẹ kí àfurasí wa wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ 14, ìkùukùu kò jẹ́ kí a rí i. Ìràwọ̀ tí kò tàn tó gbogbo ìyókù tí mo rí níbẹ̀ jẹ́ 7.2, mo sì ní kí àbúrò mi kọ ọ́ pé àfurasí náà kò tàn tó 7.2. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé a tún ń kọ ohun tí a kò rí ni?” Mo ṣàlàyé fún un pé ẹni tí yóò ya àtẹ ìdàgbàsókè ìmọ́lẹ̀ náà nílò ibi tí kò tíì dé gan-an bí ó ṣe nílò ibi tí ó dé.

Ní ọjọ́ 16, wọ́n mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò. Bóyá èmi nìkan ni inú mi dùn. Ìràwọ̀ náà wà níbẹ̀! Mo fi í wé ọ̀kan tí ó jẹ́ 6.3 àti òmíràn tí ó jẹ́ 6.9, mo rí i pé àárín wọn ló wà, mo sì ní kí a kọ 6.6. Mo ti fòfin de ara mi láti má ṣe wo nọ́ńbà àwọn ẹlòmíràn kí n tó kọ tèmi, nítorí ojú a máa rí ohun tí etí ti gbọ́. Ìyá onílé wa béèrè bóyá Àgùàlà ni à ń wá. Mo ní, “Rárá, Mà, ìdájí ni Àgùàlà ń yọ lóṣù yìí.”

Ọjọ́ 18 fún wa ní 6.1, ṣùgbọ́n mo gbàgbé láti yọ wákàtí kan kúrò nínú aago Nàìjíríà kí ó tó bá UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, mu, mo sì ní láti tún un ṣe.

Láàárín àkókò yìí ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé nófà ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní V462 Lupi. Ìràwọ̀ kékeré kan tí ó ti gbó ló ń fa gáàsì háídrójìn lára ìkejì rẹ̀, títí gáàsì náà fi gbóná kọjá ààlà tí ó sì bú gbàmù. Ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò kú.

Ní ọjọ́ 20, mo rí 5.7. Àbúrò mi búra pé òun rí i láìlo awò. Mo ní kí ó nawọ́ sí i, ó sì nawọ́ sí Kappa Centauri. A kọ 5.7, a fi kún un pé awò ni a lò, a sì sọ̀ kalẹ̀.