Kóòdù mi wà ní Iléṣà

₦40,000 ni mo san fún àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Lágèrè kí wọ́n tó sọ fún mi pé àwọn gbìyànjú. Wọ́n gbìyànjú! Hard disk laptop mi ló kú lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ń lọ tó ń bọ̀, eré orí ìtàgé tí mo ti ń kọ láti 2017 sì wà nínú ẹ̀. Wọ́n kó fáìlì rẹpẹtẹ fún mi sórí fláàṣì, FILE0001, FILE0002, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyọ kan ṣoṣo tó sì ṣí níbẹ̀, lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí mo kọ nígbà tí mo ń ṣe agùnbánirọ̀ ni.

Àbúrò mi ló bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ ní ẹ ń kó àwọn nǹkan yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà kan?" Àyà mi já. Lóòótọ́ ni o, láti 2019 ni mo ti tan app cloud kan sórí laptop yẹn, bí dátà bá ti wà á máa kó fóódà iṣẹ́ mi lọ fúnra ẹ̀, mo kàn gbàgbé pé ó wà ni.

Ká kàn wọlé ló kù. Mo rántí password, ìyẹn ò le. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà mi kó lè dá àwọn lójú pé èmi ni. Nọ́ńbà wo? Èyí tí mo ti pa tì láti 2021, tí wọ́n sì ti tà fún ẹlòmíì!

Mo pe nọ́ńbà náà, bàbá kan gbé e. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, kóòdù kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí, ẹ bá mi kà á." Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo mọ̀ pé mo ti ṣìṣe. Bàbá ní Ọlọ́run á mú mi, èmi àti gbogbo ẹgbẹ́ yahoo mi, ló bá ti fóònù pa. Mo fi fóònù àbúrò mi pè, ó blọ́ọ̀kì òun náà. Mo kọ fọ́ọ̀mù sí iléeṣẹ́ tó ni cloud yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé èmi ni mo ni àkáǹtì. Èmi tí mo kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀!

Fọ́tò WhatsApp bàbá ló gbà mí, ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ọ̀dà, mo rí Àtàkúnmọ́sà lára sáìnbọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ẹ̀. Mo wọ mọ́tò ní Ifẹ̀, mo gba Ọ̀ṣú kọjá, ó di ọjà ní Iléṣà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń pè ní òṣómàáló, àwọn tó máa lóṣòó síwájú onígbèsè títí yóò fi sanwó, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn èmi ọmọ Ifẹ̀ ni mo lóṣòó ti ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Mo tiẹ̀ ra ọ̀dà gálọ́ọ̀nù kan tí mi ò nílò. Kóòdù àkọ́kọ́ dé, ó kà á dé ìdajì, ó ní ṣé kì í ṣe ti báǹkì òun nìyí, ó pe ọmọ ẹ̀ kó wá wò ó, kí ọmọ náà tó dé kóòdù ti kú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ṣí i.

Gbogbo eré mi ló wà níbẹ̀, títí dé ìran keje! Kódà orin kan tí mo ti pa rẹ́ nínú ìran kẹta, mo rí ẹ̀dà àtijọ́ tó ṣì ní i. Gbogbo ẹ̀ ò tó 1MB, fọ́tò ẹyọ kan lórí fóònù mi wúwo jù ú lọ, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ ra àyè kó tó lè lo cloud. 15GB ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, fídíò àti fọ́tò ló ń jẹ ẹ́ tán. Ibẹ̀ ni mo gbé ẹ̀dà kejì sí, torí èyí tó ń kó fóódà fúnra ẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì pa nǹkan rẹ́ lórí laptop, á pa á rẹ́ lọ́hùn-ún náà. Wọ́n tún fún mi ní kóòdù mẹ́wàá tí mo lè lò bí fóònù ò bá sí, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó wà nínú Bíbélì màmá mi.

Nọ́ńbà yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò, lónìí. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, bàbá ọlọ́dà pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní wọ́n ń kí mi kú ọjọ́ ìbí lórí fóònù òun.