Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ òbí ọlọ́mọ kéékèèké tí àjàkálẹ̀ àrùn bá ti súkúù pa

Nọ́ọ̀sì ni mí, ìlera ọpọlọ ni mo ń bójú tó, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo sì wà ní gbogbo àsìkò kòrónà. Inú tó ń bí mi ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ní àrùn kan tún ń jà, pé bóyá wọ́n á ti súkúù, ohun táwọn òbí ṣe ní 2020 náà ni mo tún ń rí táwọn òbí tuntun ń palẹ̀ mọ́ láti ṣe. Owó á lọ sórí fóònù, á lọ sórí hóòmù lẹ́sìn, á lọ sórí oògùn, ìyá ọmọ á wá máa rù, bàbá ọmọ á máa bínú, kò sì ní sẹ́ni tó máa bi wọ́n pé ṣé wọ́n tiẹ̀ ń sùn.

Fún ẹni tó ti gbàgbé: ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà, kí oṣù Kẹta tó parí, wọ́n ti ti súkúù pa. Wọ́n ṣe kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá, ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ò tó bẹ́ẹ̀, kọ́fíù ni tiwa, aago méje alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Àwọn èèyàn ní tiwa sàn. Ó sàn lóòótọ́, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà òbí ti bẹ̀rẹ̀, torí ìyá tó ń tajà ní Sábó ṣì gbọ́dọ̀ jáde, ọlọ́kadà ṣì gbọ́dọ̀ jáde, ọmọ ò sì níbi tó ń lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí prámárì 6 àtàwọn tó fẹ́ ṣèdánwò wọlé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, àwọn kéékèèké ò sí níbẹ̀, oṣù Kẹsàn-án ni tiwọn tó ṣí.

Èkíní, sísọ ilé di súkúù. Èyí ló ń dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n á ní kó jókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán, wọ́n á lẹ táímùtébù mọ́ ògiri, pankẹ́rẹ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Súkúù aládàáni á máa fi voice note ránṣẹ́ lórí WhatsApp, á sì ní kí wọ́n sanwó, ìyá tí ò rí ọjà tà á lọ yáwó ra dátà.

Obìnrin kan wá bá mi nígbà yẹn, télọ̀ ni, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ bá mi wo ìfúnpá mi, orí ń fọ́ mi." Tépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Fóònù ọwọ́ ẹ̀ ò dákẹ́: tíṣà prámárì 2 ń sọ̀rọ̀ nínú voice note, tíṣà prámárì 4 ń fi fọ́tò bọ́ọ̀dù ránṣẹ́, ó ń fi àtàǹpàkò dá ọ̀kan dúró kó lè ṣí èkejì, àbíkẹ́yìn ẹ̀ sì ń fa tépù yẹn lọ́rùn ẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀ ò ga rárá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ sùn mọ́jú gbẹ̀yìn?" Ẹkún ló fi dá mi lóhùn. Owó àjọ tó fẹ́ fi ra maṣínì tuntun ló fi ra fóònù yẹn, ó tún gba tíṣà hóòmù lẹ́sìn kún un, aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀ tí kò rán. Ọmọ prámárì 2 ò sì rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀, àsìkò máńgòrò ni, gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ wà nídìí igi, ọmọ ń sunkún, ìyá ń sunkún.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́. Wákàtí mẹ́fà tọ́mọ ń lò ní súkúù, títò sórí ìlà wà nínú ẹ̀, eré wà nínú ẹ̀, jíjẹun wà nínú ẹ̀, dídúró de ọmọ mìíràn kó kọ tiẹ̀ tán wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n sí wákàtí kan lójúmọ́ ti tó fún ọmọ prámárì kékeré. Ẹ jẹ́ kó kàwé sókè bẹ́ ẹ ti ń já ewédú, ẹ jẹ́ kó ka ṣéńjì lórí àtẹ, ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Tíṣà á bá wọn ṣe èyí tó kù tí súkúù bá wọlé. Súkúù tó bá sì ń fi owó voice note dún kòókò mọ́ yín, ẹ sọ fún wọn pé agbára yín ò gbé e, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀.

Èkejì, oògùn oorun láti kẹ́mísì. Lexotan, Valium, wọ́n á ní ọ̀rẹ́ àwọn ló júwe ẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kéèyàn sùn lóòótọ́, àmọ́ tó bá pẹ́ díẹ̀ á mọ́ ọn lára, ẹyọ kan ò ní ràn án mọ́, ẹni tó bá sì jáwọ́ lójijì lè máa gbọ̀n, àìrí oorun sùn ẹ̀ á tún wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gìrì tiẹ̀ lè mú un. Ẹni tó bá fi ọtí tàbí páragà lé e, èémí ẹ̀ lè dúró. Ẹ má gbé e mì láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún yín, ẹni tó bá sì ti ń lò ó kó má dá a dúró fúnra ẹ̀.

Ìkẹta, gbígbọ́ ìròyìn kòrónà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́: ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó.

Rírà oògùn àrùn pamọ́ náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2020, lẹ́yìn tí Trump, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ní chloroquine, oògùn ibà, lè ṣiṣẹ́ fún kòrónà, àwọn kan lò ó lálòjù l'Ékòó, ilé ìwòsàn ni wọ́n bára wọn.

Òmíràn ni fífi ọmọ wé ọmọ àbúrò ọkọ ẹni tó wà níwájú kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwọn bàbá wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í sunkún, ìbínú ni tiwọn máa ń bá jáde. Tíṣà súkúù aládàáni tí wọn ò sanwó oṣù fún, tó ń jókòó sílé pẹ̀lú ọmọ láti àárọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe, á máa mutí, ilé á ní ó ti yíwà padà. Ìyàwó á lọ náwó sílé àdúrà pé kí wọ́n bá òun lé ẹ̀mí òkùnkùn. Ẹ gbàdúrà, èmi náà ń gbà á, àmọ́ tí ìbànújẹ́ tàbí ìbínú yìí bá ti lé lọ́sẹ̀ méjì, tóúnjẹ ò wọlé, tóorun ò wá, tí kò sóhun tó ń wu èèyàn ṣe mọ́, àìsàn nìyẹn, ó sì gbóògùn. Àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ pé lọ́dún àkọ́kọ́ kòrónà, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìbalẹ̀ ọkàn fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i káàkiri ayé. Ẹ má sọ fún mi pé ẹni tó bá lọ rí dókítà ọpọlọ ti di wèrè. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ ni, láàárín ọdún 1950 sí 1960 ló ti ń jẹ́ káwọn tó ń gbàtọ́jú nílé ìwòsàn ọpọlọ Àró, l'Ábẹ́òkúta, máa gbé nínú abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì wà lára àwọn tó bá ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòyìnbó.

Ohun tí mo rí tó ran òbí lọ́wọ́ jù nígbà yẹn ò náni ní kọ́bọ̀. Agboolé kan wà níbí, ìyá mẹ́ta ló pín ọmọ bíi pé wọ́n ń dájọ: tọwọ́ bá kan ìyá kan, òun á bójú tó gbogbo wọn nídìí igi níta láti àárọ̀ dọ̀sán, àwọn méjì tó kù á lọ sọ́jà tàbí kí wọ́n sùn. Sísùn ni mo ń tẹnu mọ́ o, ẹ má lọ fi àsìkò yẹn fọṣọ.

Tẹ́nì kan nínú ilé bá sì sọ pé ó sàn kóun kú, ẹ má bá a jà, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó oògùn àti májèlé kúrò nítòsí ẹ̀, kí ẹ tẹ̀ lé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, LAUTECH wà níbí, Bowen náà wà, tó bá ṣe alẹ́ Sátidé pàápàá, ẹ má dúró de Mọ́ńdè.