Sípíkà ẹ̀yìn tó ń dákẹ́ láàárín fíìmù

Ní pálọ̀ kan ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́, sípíkà méjì tó wà lẹ́yìn àga ń dákẹ́ lóòrèkóòrè. Ti iwájú ò ṣe nǹkan kan. Ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, ló fà á. Wọ́n gbé e ti soundbar (sípíkà gígùn iwájú tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ti ẹ̀yìn láìsí wáyà), orí ìgbì rédíò kan náà, 2.4 GHz, sì ni ráútà àti soundbar wà, wọ́n ń di ara wọn lọ́wọ́. Mo gbé ráútà jìnnà tó mítà méjì, mo yí channel rẹ̀ (ọ̀nà tó ń gbà lórí ìgbì náà) láti 6 sí 11. Ó tán.

Bí iná bá lọ tó dé, ẹ kọ́kọ́ tan soundbar, kí ẹ tó tan ti ẹ̀yìn. (Wọ́n ní sípíkà ẹ̀yìn kò ní wáyà, àmọ́ wáyà iná ṣì wà o!) Bí iná kékeré ara sípíkà ẹ̀yìn bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ tẹ bọ́tìnì pair (tó ń so òun àti soundbar pọ̀) títí iná náà kò fi ní ṣẹ́jú mọ́.