Bí A Ṣe Ń Dáwó Ra Àpò Ìrẹsì Nígbà Tí Owó Ọwọ́ Kò Ju Ti Kóńgò Kan Lọ

Ẹni tó ń gbowó oṣù lè ra àpò ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Alágbàṣe tí wọ́n ń sanwó fún nírọ̀lẹ́, kóńgò ni yóò rà, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní tó kóńgò. Òun gan-an ló sì ń ra kílò kan ní ọ̀wọ́n jù. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣúnná owó. Bí owó ṣe ń wọlé fún un ló ń yan ọjà fún un.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Kóńgò ìrẹsì kan tó nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀. Ká ní ₦2,700 ni kóńgò, tí àpò kílò 50 sì jẹ́ ₦75,000. Kílò kan di ₦1,800 fún oníkóńgò, ₦1,500 fún alápò. Ẹ fi ₦3,000 kún un fún ọkọ̀ àti aláàárù. Bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún, ₦15,600 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi gba kílò 10 tí ì bá rà ní ₦18,000; èrè ₦2,400 nìyẹn. Ẹ fi iye ọjà àdúgbò yín ṣe ìṣirò kan náà. Bí èrè náà kò bá tó nǹkan, ẹ máa ra kóńgò yín lọ.

Oṣù àkọ́kọ́ ló máa ń le, torí ẹ ó máa jẹun, ẹ ó sì máa dáwó. Ẹ dá ₦540 lójúmọ́ lọ́dọ̀ alájọ fún ọgbọ̀n ọjọ́: yóò mú ti ọjọ́ kan, ₦15,660 yóò kù. Òótọ́ ni pé owó alájọ jẹ lára èrè ₦2,400 yẹn, àmọ́ owó tó bá wà lábẹ́ ìrọ̀rí kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí ₦540 bá wúwo, ẹ di mẹ́wàá, ₦270 yóò tó. Ẹ má yá owó èlé bẹ̀rẹ̀ o.

Ẹni méjì ni kó lọ sọ́jà. Ẹ wo ẹnu àpò dáadáa: bí ihò abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bá ṣì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú tuntun, wọ́n ti tú u rí. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Níbi pínpín ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n ló dára jù. Bí kò bá sí, kóńgò kan náà, ọwọ́ kan náà, kí gbogbo yín sì wà níbẹ̀. Ẹ yẹ ìdí kóńgò wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Ẹ má ṣe bù ú ní òkítì, ẹ fi igi gbá orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ bù ú yípo ní kóńgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi agolo mílíìkì pín èyí tó bá kù. Ẹni tó ń wọ̀n ni yóò mú ìpín tirẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá pé, ẹ má lé e dànù. Ẹ wọn iye tí owó rẹ̀ rà fún un, ₦1,560 fún kílò kan, owó ọkọ̀ ti wà nínú rẹ̀.